Rọ́bà Ni Ó Jò: Èéṣe Tí Wọ́n Fi Ń Ta Odindi Ṣọ́ọ̀kì Fún Wa?

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn aṣojú ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkè òkun, ọ̀rọ̀ náà kò sì yí padà láti ọjọ́ pípẹ́. Wọn a ní: "Ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ gbé ró kì í ṣe ọkọ̀ tí mẹ́káníìkì abẹ́ igi lè fọwọ́ kàn. Bí ó bá ti balẹ̀, ẹ gbé e wá fún wa. Ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a óò pààrọ̀." A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tó. Lọ́sẹ̀ yìí a pinnu láti dá wọn lóhùn, nítorí pé owó tí ọ̀rọ̀ náà ń gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa kì í ṣe owó kékeré, àti nítorí pé wọ́n po irọ́ àti òtítọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro fún ẹni tí kò mọ abẹ́ ọkọ̀ láti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bóyá ẹnìkan nínú ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn wa yóò wí pé: "Kí ni ó kàn wá nínú ọkọ̀ ọlọ́lá?" Ó kàn yín gidigidi. Ọkọ̀ ọlọ́lá kì í pẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́lá. Mercedes S-Class tí àwọn ará Jámánì gbé jáde ní 1998, tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ rọ́pò sípíríìngì ní ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, olówó ilẹ̀ Yúróòpù ni ó kọ́kọ́ gùn ún. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ó di tòkunbọ̀ ní èbúté; lẹ́yìn náà ó di ọkọ̀ olùkọ́, ọkọ̀ oníṣòwò kòkó, tàbí ọkọ̀ tí ọmọ rà fún bàbá rẹ̀ ní abúlé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Range Rover tí ó jáde ní 1994 ṣe. Nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò bá fi dé ọwọ́ ẹni kẹta, rọ́bà abẹ́ rẹ̀ ti gbó, owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ti wálẹ̀, ṣùgbọ́n owó ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ kò bá a wálẹ̀. Láti ọdún 2023 tí iye náírà ti já wálẹ̀ lójijì ni ìyà náà sì ti di ìlọ́po. Ẹ má sì gbàgbé pé irú ọkọ̀ wọ̀nyí wà lábẹ́ àwọn tí ń jẹ oyè ìjọba pẹ̀lú. Àpò ìlú ni a fi ń tún wọn ṣe, owó orí yín sì wà nínú àpò náà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí nǹkan náà ti rí, nítorí pé orí àìmọ̀ wa ni àwọn oníṣòwò wọ̀nyí ti ń jẹun. Ní abẹ́ ọkọ̀ tí a mọ̀ láti ìgbà àwọn bàbá wa, Bedford ni tàbí Peugeot 404, irin ni ó gbé ọkọ̀ ró: irin pẹlẹbẹ tí a tò lé ara wọn, tàbí irin tí a ká bí ejò. Ṣọ́ọ̀kì a máa bá irin náà ṣiṣẹ́ pọ̀. Òróró ni ó wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti má ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò sókè fò sódò lẹ́yìn tí ó bá ti bọ́ sí kòtò. Nínú ọkọ̀ oní-afẹ́fẹ́, wọ́n yọ irin náà kúrò. Àpò rọ́bà tí ó nípọn, tí a fi okùn híhun sínú ara rẹ̀, ni wọ́n fi dípò. Kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ kékeré kan tí iná bátìrì ń yí ni ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àwọn àpò náà nípasẹ̀ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ kan ń wọn bí ọkọ̀ ti ga sí ilẹ̀ tó, kọ̀ǹpútà a sì pàṣẹ pé kí a fi afẹ́fẹ́ kún un tàbí kí a tú díẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà ni ọkọ̀ náà kì í fi í tẹ̀ sẹ́yìn bí a tilẹ̀ di ẹrù kún ẹ̀yìn rẹ̀. A kò ní jiyàn pé ó dùn ún gùn. Ó dùn ún gùn púpọ̀. Nínú Mercedes tí a dárúkọ, àpò rọ́bà àti ṣọ́ọ̀kì olóròóró wà lára ẹsẹ̀ kan náà níwájú. Nínú Range Rover ti 1994, ọ̀tọ̀ ni àpò, ọ̀tọ̀ ni ṣọ́ọ̀kì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé orí rẹ̀ ni ẹjọ́ wa dúró lé.

Nísinsin yìí, rọ́bà kì í ṣe irin. Ibi tí ó ti ń ká tí ó sì ń nà ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń lọ ni ó ti máa ń ya. Ooru ń gbẹ ẹ, iyanrìn ojú ọ̀nà wa ń ha á. Yíya náà lè jẹ́ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú kò tètè rí. Ní òru, afẹ́fẹ́ a máa yọ́ jáde. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, igun kan ọkọ̀ ti balẹ̀ bí ràkúnmí tí ó kúnlẹ̀ gba ẹrù. Olówó ọkọ̀ a tan án, kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ a kùn títí, ọkọ̀ a dìde, òun a sì máa lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó rò pé ó ti tán. Kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó, ẹ mọ ohun tí a ń wí ju ọ̀pọ̀ àwọn ará ìlú ńlá lọ. Pọ́ọ̀ǹpù tí ẹ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn láti fi fín oògùn sí kòkó, afẹ́fẹ́ tí ẹ fi ọwọ́ fẹ́ sí i ni ó ń ti oògùn jáde. Bí awọ tàbí rọ́bà inú rẹ̀ bá jẹ, agbára rẹ̀ a lọ, oògùn kò sì ní í dé orí igi mọ́. Ta ni nínú yín tí í ju odindi pọ́ọ̀ǹpù sígbó nítorí rọ́bà tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé? Ẹ ó tú u, ẹ ó wá ibi tí ó ti ń jò, ẹ ó sì pààrọ̀ ohun tí ó bàjẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wá sọ́dọ̀ yín lóko tí ó ní kí ẹ ra pọ́ọ̀ǹpù tuntun mẹ́rin nítorí pé ọ̀kan ń jò, ẹ̀yin kò ní í bá a fa ọ̀rọ̀ gùn. Ajá ni ẹ ó tú sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a ṣe sí ọkọ̀ pẹ̀lú. Omi ọṣẹ ni a fi ń wá ibi tí ó ti jò, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ ti ń ri tíúbù sínú ọpọ́n omi. Kí ọkọ̀ ga sókè, kí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, kí a da omi ọṣẹ sí ara àpò àti sí gbogbo ibi tí páìpù ti wọlé. Ibi tí ó bá ń hó ni àrùn wà. Ó lè jẹ́ ara àpò fúnra rẹ̀. Ó lè jẹ́ rọ́bà róbótó kan ní ìdí páìpù, tí owó rẹ̀ kò tó ohun tí à ń pariwo. Ó lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń pín afẹ́fẹ́ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Sùúrù ni iṣẹ́ yìí gbà, kò gba owó. Ṣùgbọ́n àwọn aṣojú tí a ń wí yìí a so ẹ̀rọ mọ́ ọkọ̀, wọn a ka ohun tí kọ̀ǹpútà kọ, wọn a sì kọ owó sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè sọ pé ọkọ̀ kò ga tó bí ó ti yẹ. Kò lè sọ pé rọ́bà kan ti ya ní ìsàlẹ̀ lápá òsì. Ojú àti ọwọ́ ènìyàn ni í rí ìyẹn.

A kò sọ pé kò sí ìgbà tí ó yẹ kí a pààrọ̀ odindi ṣọ́ọ̀kì. Bí òróró bá ń ṣàn lára rẹ̀, tàbí tí ọkọ̀ bá ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́yìn kòtò kékeré, apá olóròóró ni ó ti gbó, kò sì sí rọ́bà tuntun tí yóò wò ó sàn. A tún gbà pé ti ọ̀tún àti ti òsì tí wọ́n jọ jáde ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń gbó. Ó bọ́gbọ́n mu kí a pààrọ̀ méjèèjì iwájú pọ̀, tàbí méjèèjì ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ wo ọ̀kan, olè ni, a kò sì ní í wá orúkọ mìíràn fún un.

Wọn a tún wí pé kìkì èyí tí ó bá wá nínú páálí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ ni ó dára. Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n léèrè: ta ni ó ṣe ohun tí ó wà nínú páálí náà? Bilstein, ilé iṣẹ́ kan ní Ennepetal ní Jámánì, wà lára àwọn tí ń ṣe irú ṣọ́ọ̀kì yìí fún Mercedes. Bilstein yìí kan náà ń tà á fún gbogbo ayé lábẹ́ orúkọ ara rẹ̀. B4 ni wọ́n ń pe odindi ẹsẹ̀. B3 ni wọ́n ń pe àpò afẹ́fẹ́ nìkan, fún àwọn ọkọ̀ tí àpò wọn dá dúró lọ́tọ̀. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ wà tí ń gba ògbólógbòó ẹsẹ̀ tí rọ́bà rẹ̀ ti ya, tí wọ́n ń yẹ apá olóròóró rẹ̀ wò, tí wọ́n ń fi rọ́bà tuntun sí i, tí wọ́n sì ń tà á pẹ̀lú ìwé ìdánilójú. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá sọ fún wa pé kò ṣeé yà, ohun tí ó ń sọ ni pé òun kò fẹ́ yà á. A kò tìtorí èyí ní kí ẹ lọ ra ohun tí kò ní orúkọ. Rọ́bà àlòkù, ìbáà jẹ́ ní ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin ni ẹ ti rí i, ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ níbòmíràn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Kò sì sí ẹni tí ó lè lẹ àpò yìí bí a ti ń lẹ tíúbù kẹ̀kẹ́, nítorí pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ le ju ti inú táyà lọ fíìfíì, ojoojúmọ́ ni ó sì ń ká tí ó ń nà.

Kì í ṣe òní ni àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ mọ ibi àìlera nǹkan yìí. Ní 1957, Cadillac ti Amẹ́ríkà gbé Eldorado Brougham jáde pẹ̀lú àpò afẹ́fẹ́ ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Afẹ́fẹ́ ń jò, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó rà á sì fi sípíríìngì onírin rọ́pò rẹ̀. Ní 1958, General Motors fi irú rẹ̀ sí àwọn ọkọ̀ rẹ̀ mìíràn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa á tì. Mercedes gbà á mú ní 1961, ó sì fi í sí ọkọ̀ 600 ní 1963, èyí tí ọ̀pọ̀ olórí orílẹ̀-èdè gùn. Ó ti ju 60 ọdún lọ, nígbà náà, tí wọ́n ti mọ̀ pé rọ́bà yìí jẹ́ ohun tí a ó máa pààrọ̀ bí a ti ń pààrọ̀ táyà. Èéṣe tí wọn kò fi sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ń ra ọkọ̀?

Bí a ti bá àjèjì wí, ó tọ́ kí a bá àwọn tiwa náà wí. Àwọn mẹ́káníìkì àti rẹ́wáyà kan wà tí ó jẹ́ pé kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń pààrọ̀, nítorí pé òun ni ó dákẹ́. Wọn kò bi ara wọn léèrè ohun tí ó pa á. A ṣe kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ náà láti ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí ó sì sinmi. Àpò tí ń jò kò jẹ́ kí ó sinmi. Ó gbóná, ó sì jóná. Rìlé tí ń tan án pẹ̀lú lè lẹ̀ mọ́ra, tí kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ yóò fi máa yí títí bátìrì yóò fi kú. Bí wọ́n bá fi tuntun sí i láìwo rọ́bà, tuntun náà yóò tẹ̀lé èyí àná. Owó ẹ̀ẹ̀mejì ni olówó ọkọ̀ san, àrùn náà sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Àwọn mìíràn a ní kí a yọ gbogbo rẹ̀ dànù, kí a fi sípíríìngì sí i. Lórí èyí a kò ní í le koko jù. Bí Range Rover bá ti gbó tó 25 ọdún, tí ọ̀nà oko ni ó ń tọ̀, a kò ní í dá ẹni tí ó ra odindi sípíríìngì tí a ṣe fún ìwọ̀n ọkọ̀ náà gan-an lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ òyìnbó pàápàá ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kọ̀ ni kí ènìyàn lọ gé sípíríìngì ọkọ̀ mìíràn kí ó kì í bọ abẹ́ ọkọ̀ tí ó sún mọ́ 2,000 kílò. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní í dúró déédéé nígbà tí a bá tẹ bíréèkì lórí eré, iná ìkìlọ̀ kò sì ní í kú lójú rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó tà á fún ẹlòmíràn láìsọ ohun tí ó ṣe, ẹ̀mí ènìyàn ni ó fi ń ṣòwò.

Bí a bá sì ń sọ ti ẹ̀mí, ẹ gbọ́ èyí, ẹ̀yin ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́. Afẹ́fẹ́ kì í gbé ọkọ̀ ró fún ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó lè tú nígbàkigbà, kọ̀ǹpútà sì lè pàṣẹ kí ọkọ̀ wálẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Jáàkì nìkan kò tó. Irin tí ó lágbára ni kí ẹ fi gbé ara ọkọ̀ ró kí orí yín tó wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ kí ẹ tó tú páìpù. Nígbà tí ẹ bá sì ti de tuntun mọ́ ibẹ̀ tán, ẹ má ṣe sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lórí àpò tí kò ní afẹ́fẹ́ nínú, nítorí pé rọ́bà yóò ká lódì, yóò sì ya ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kí ẹ tó jẹ́ kí ìwúwo ọkọ̀ bọ́ lé e. Bóòtù tí ó di àwọn búṣì mú, ìgbà tí ọkọ̀ bá ga bí ó ti yẹ ni kí ẹ tó fún un le. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, búṣì yóò wà ní lílọ́, kò sì ní í pẹ́ já. Lẹ́yìn èyí ni a ó wọn gíga ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, tí a ó sì kọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní ìwọ̀n náà.

Ibí yìí gan-an ni wọ́n ti mú wa lọ́rùn. Ẹ̀rọ tí a fi ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀, àti ìwé tí ó sọ ìwọ̀n rẹ̀, ọwọ́ aṣojú ni wọ́n ń fi sí. Mẹ́káníìkì wa lè mọ iṣẹ́ bí ẹni mọ ojú ara rẹ̀, yóò ṣe é tán, iná ìkìlọ̀ yóò sì wà lójú ọkọ̀ síbẹ̀ nítorí pé kò sí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà náà ni aṣojú yóò rẹ́rìn-ín, tí yóò sì wí pé: "Ǹjẹ́ n kò wí bẹ́ẹ̀?" Ẹni tí ó ra ọkọ̀, tí ó san gbogbo owó rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á kí ó tó lè tún un ṣe, kò tíì ni ọkọ̀. Ó yá a ni.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn kò gbà fún wọn. Láti 1975 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé ilé iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi ìwé ìdánilójú de ẹni tí ó ra ọjà pé ohun ìpààrọ̀ tirẹ̀ nìkan ni yóò lò, àfi bí ó bá ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2012, àwọn ará Massachusetts dìbò pé kí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ fi ìmọ̀ àtúnṣe lé gbogbo mẹ́káníìkì lọ́wọ́. Ní 2020 wọ́n tún dìbò, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn sì gbà á. Yúróòpù ṣe òfin tirẹ̀ lórí ìmọ̀ àtúnṣe ní 2007. Àwọn tí yóò sọ pé ti òyìnbó ni èyí, kí wọ́n wo ilẹ̀ Áfíríkà yìí: ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje 2021, ìlànà Gúúsù Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí ó ní kí a jẹ́ kí olówó ọkọ̀ lo mẹ́káníìkì tí ó bá wù ú, kí a sì fi ìmọ̀ àtúnṣe tó mẹ́káníìkì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ wo ni ó wà ní ìdí àwọn tí kò sí ní ìdí tiwa?

Nítorí náà a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin wa ní Abùjá pé kí wọ́n ṣe irú òfin yìí, kí ó sì ní eyín. A ń béèrè pé kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba ní ilẹ̀ Yorùbá máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ ọkọ̀ oní-afẹ́fẹ́, kí wọ́n sì ra ẹ̀rọ ìyẹ̀wò fún wọn, nítorí pé ọkọ̀ tí a fi kọ́ wọn kò gbọdọ̀ parí sí Peugeot. Ní ti ọkọ̀ àwọn aláṣẹ, ó yẹ kí àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ máa béèrè, kí wọ́n tó fọwọ́ sí owó ṣọ́ọ̀kì kankan, pé kí a gbé ògbólógbòó tí a yọ wá síwájú wọn, kí a da omi ọṣẹ sí i níbẹ̀, kí gbogbo ojú rí i. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ wọ̀nyí, ọwọ́ yín ni èyí wà. Kò sí òfin Abùjá kankan tí ẹ ń dúró dè kí ẹ tó ṣe é.

Ní ti ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá balẹ̀ ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí ó má ṣe gùn ún títí kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ yóò fi jóná, kí ó má sì ṣe san kọ́bọ̀ kan fún ẹnikẹ́ni kí ó tó fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí ọṣẹ ti hó.